Eré Orí Tẹlifíṣàn Ni Mo Ń Sọ, Àṣírí Ọ̀rẹ́ Mi Ni Mo Tú

Títí di òní, bí ẹnikẹ́ni bá kí mi ní Yorùbá láti ẹ̀yìn ní ìgboro Maiduguri, àyà mi á kọ́kọ́ já kí n tó dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín. Ọ̀pọ̀ yín ló ní irú ẹnu tí mo ní, àfi pé tiyín kò tíì dá nǹkan sílẹ̀ ni.

Àgbékẹ́ ni orúkọ tí mo fẹ́ kí ẹ máa pè mí. Ọmọ Ìwó ni wá, ṣùgbọ́n Maiduguri ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ náà ni mo lọ́kọ sí. Wàhábì ọkọ mi ń ta páàtì ọkọ̀ ní Yerwa. Èmi ń ránṣọ ní Bulumkutu. Ìyá Nímọ́tà télọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí.

Iná mànàmáná kì í dúró lọ́dọ̀ wa, àmọ́ ọkọ mi ti ra sólà fún mi nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ, nítorí náà tẹlifíṣàn mi kì í kú. Àwa obìnrin Yorùbá tó wà nílùú ní ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù. Bí eré tuntun bá ti bẹ̀rẹ̀, èmi ni màá kọ́kọ́ wò ó. Màá wá gba ohùn mi sílẹ̀, màá fi ránṣẹ́ sínú ẹgbẹ́: bó ṣe dùn sí, ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, ẹni tó yẹ kó lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. "Fọ́ìsì Ìyá Nímọ́tà" ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí kò níná nílé á gbọ́ ọ, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní kí n tún sọ.

N kì í ṣojú ṣàájú. Èyí tí àwọn ará Tọ́kì ṣe, tí wọ́n túmọ̀ sí Hausa, mo ní ọkọ ìyàwó inú rẹ̀ rọra ń wo ojú ọ̀run tó bẹ́ẹ̀ tí ìrẹsì fi jóná lórí iná mi. Èyí tí wọ́n ṣe ní Èkó, mo ní wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gun àtẹ̀gùn ilé olówó, apá kìíní parí, wọn ò tíì dókè. Ọlájùmọ̀kẹ́, àgùnbánirọ̀ tó wá láti Ìbàdàn, tó háyà yàrá kan nínú ọgbà wa, rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ó ní, "Mọ̀mí, rédíò ló yẹ kí ẹ ti máa sọ nǹkan yìí."

Orí mi wú. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé orí ló kọ́kọ́ wú.

Ìgbà náà ni eré kan bẹ̀rẹ̀ tí gbogbo ìlú ń retí. Dakin Gwaggo ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé Yàrá Àǹtí. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni wọ́n ń ṣe é, kí kálukú lè wò ó tán kó tó di àsìkò tí wọ́n ní ká má jáde mọ́. Ìyá àgbà kan ni, ọmọ àbúrò rẹ̀ sá kúrò lọ́wọ́ àwọn ará igbó, àwọn agbébọn tó ń jí èèyàn gbé, ó wá fi í pamọ́ sí yàrá inú.

Mo jókòó, mo wò ó, n ò mí. Ọ̀dọ́mọkùnrin inú rẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe. Kò sọ̀rọ̀ rárá ní apá kìíní, ó kàn di kọ́ọ̀pù mú ni, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, omi ń dà sí i lára. Mo sunkún. Àmọ́ Gwaggo, ìyá àgbà náà fúnra rẹ̀, bí mi nínú. Ó lé tìróò, ó wẹ̀, ó ta lọ́fínńdà, ó wá gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà yàrá tó fèèyàn pamọ́ sí, ó ń kọrin.

Mo sọ ọ́ nínú fọ́ìsì mi. Mo ní, "Irọ́ ni. Ẹni tó ń fi èèyàn pamọ́ kì í jókòó sẹ́nu ọ̀nà yàrá yẹn. Obìnrin yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ẹ̀rù."

Ìbílọlá, ìyàwó ọkùnrin kan tó ń ta mílíìkì àti ṣúgà, tí kì í gbà fún mi, dáhùn lójú gbogbo ẹgbẹ́. Ó ní, "Ìyá Nímọ́tà, ẹ̀yin wá mọ̀ ọ́n? Àbí ẹ ti fi ẹnìkan pamọ́ rí? Obìnrin yẹn ṣe dáadáa. Ẹ̀yin lẹ kàn ń wá ohun tí ẹ máa bù lẹ́nu àtẹ́."

Àwọn yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó ká mi lára, torí mo mọ̀ ọ́n lóòótọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mùínátù ni ọ̀rẹ́ mi láti kékeré. Ọkọ rẹ̀ ti kú, òun nìkan ló ń gbé ní Bulabulin. Ó wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kan, ó ní kí n rán sòkòtò ọkùnrin méjì. Mo ní kí ẹni náà wá kí n wọ̀n ọ́n. Ó ní kò lè wá. Ló bá fa okùn kan yọ nínú ìró rẹ̀. Ó ti fúnra rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ó ta kókó sí ibi tí ìbàdí dé, ó tún ta kókó sí ibi tí ẹsẹ̀ gùn dé.

Mo fi tépù wọn okùn náà. Iṣẹ́ mi ni, ojú mi ti mọ ara èèyàn lórí okùn. Ẹsẹ̀ yẹn, ti àgbàlagbà tó ga ni. Ìbàdí yẹn, ti ọmọ ilé-ìwé ni.

Mo ní, "Mùínátù, ta ló rù tó báyìí?"

Ẹkún ló fi dáhùn. Ó mú mi lọ sílé rẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Láwàlì àbúrò rẹ̀ ni mo bá nínú yàrá inú. Ọkọ̀ ẹrù ni Láwàlì ń wà kí wọ́n tó jí i gbé ní ọ̀nà Damboa. A ti gbà pé ó ti kú. A ti ṣe fìdáù rẹ̀, èmi ni mo dín àkàrà ọjọ́ náà. Ẹni tí a ṣe fìdáù fún ló jókòó sílẹ̀ yẹn, tó ń wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ lù ú. Ó ti lé lọ́dún kan tó wà nínú igbó kó tó rí àyè sá.

Mùínátù ní, "Bí àwọn yan gora bá gbọ́, wọ́n á ní ó ti di ọ̀kan nínú wọn." Yan gora ni àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ọ̀pá ṣọ́ àdúgbò. "Bí àwọn ará igbó bá gbọ́, wọ́n á wá a wá. Jẹ́ kó kọ́kọ́ jẹun kánú. Jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀. Bó bá ti le díẹ̀, màá mú un lọ sílé ní Ìwó. Àgbékẹ́, ẹ̀mí àbúrò mi ló wà lẹ́nu rẹ yìí o."

Mo fi Kùránì búra. Mo fi ọwọ́ mi méjèèjì lé e.

Ẹ wá wò mí lọ́jọ́ tí Ìbílọlá ń fi mí rẹ́rìn-ín. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n dákẹ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ń yún mi lẹ́nu, mo sì ń sọ fún ara mi pé n ò ní dárúkọ.

Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Ìbílọlá, gbọ́ o. Mo mọ ẹnìkan nílùú yìí, kì í ṣe eré. Àbúrò rẹ̀ ti igbó dé. Ẹnu ọ̀nà ìta ló ń jókòó sí, kì í ṣe ti yàrá. Á gbé ẹ̀wà lẹ́sẹ̀, á máa ṣà á, ẹ̀wà tó ti ṣà tán lánàá. Òun nìkan ló ń gbélé, abọ́ méjì ló ń fọ̀. Ó ti gbé rédíò kúrò nílẹ̀, torí bí ọmọ náà bá gbọ́ ohùn ọkùnrin, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ń sá sí. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ẹ̀rù. Èyí tí Gwaggo ń ṣe yẹn, àlejò ló ń gbà."

Mo fi ránṣẹ́. Ẹgbẹ́ gbóná. Wọ́n ní mo mọ̀ ọ́n sọ, wọ́n ní ara àwọn bù máṣọ. Inú mi dùn débi pé mo bu ìrẹsì sí i.

Ọlájùmọ̀kẹ́ yọjú wọlé. Ó ní, "Mọ̀mí, ṣé òótọ́ ni?"

Mo ní, "Òótọ́ pọ́ńbélé."

Ó ní, "Yéè. Mo ti fi ránṣẹ́ sáwọn ẹgbẹ́ mi o. Ó dùn jù."

N ò tiẹ̀ kà á sí. Yorùbá ni mo fi sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé láàrin ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń sọ èdè mìíràn, ẹ mọ bó ṣe rí. Nínú ọjà, nínú kẹ̀kẹ́ Nápẹ́ẹ̀pù, a máa ń sọ Yorùbá bí ẹni tó ti tìlẹ̀kùn. Mo ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ oníbàárà rí, mo ń wọn ìdí rẹ̀, mo sì ń sọ nípa ìdí náà fún Mùínátù, a jọ ń rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín tẹ̀lé wa, kò mọ ohun tí a ń sọ. Bí a ṣe ń gbé ayé wa nìyẹn, láti ìgbà àwọn bàbá wa.

Kí oòrùn tó wọ̀, mo tún ṣí fóònù láti wo ìyìn tó kù. Ohun tí mo rí ni pé Mùínátù ti kúrò nínú ẹgbẹ́.

Mo mọ̀ pé ó wà nínú ẹgbẹ́, ṣùgbọ́n kì í gbọ́ fọ́ìsì mi, ó máa ń ní dátà òun kì í tó. Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè é, ó ti pa á. Mo fẹ́ nu fọ́ìsì yẹn rẹ́, fóònù ní orí tèmi nìkan ló ti lè rẹ́. Ó ti wà lórí fóònù àwọn tí n ò mọ̀, lọ́wọ́ àwọn tí n ò rí rí.

Mo sọ fún ọkọ mi. Ó gbé àwo oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀, kò tún gbé e mọ́.

Ó ní, "Àgbékẹ́, ọmọ ọlọ́mọ lo fi ṣeré yìí."

Mo ní, "N ò dárúkọ."

Ó ní, "Obìnrin tó ń dá gbé, tó ń jókòó síta, tó ń ṣa ẹ̀wà. Kí ló wá kù?"

Mo ní kí n lọ bá Mùínátù lójú ẹsẹ̀, ó ní àsìkò ti lọ, wọ́n á dá mi dúró lọ́nà. Ó ní kí n má lọ bí ilẹ̀ bá mọ́ pàápàá, nítorí bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣọ́ mi, èmi gan-an ni màá júwe ilé. N ò sùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo ń fi ẹ̀rọ rán apá bùbá kan, àwọn ọmọ iṣẹ́ mi méjì tó jẹ́ Kanuri ń ta bọ́tìnì, nígbà tí mo gbọ́ lẹ́yìn mi:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Nímọ́tà."

Mo yíjú padà. Modu ni. Modu, ọ̀kan nínú àwọn yan gora, tó máa ń dúró ní oríta wa. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí i. "Sannu, Madam" ló máa ń kí mi, "Sannu, Modu" ni mo máa ń dáhùn. Mo tún wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá Yorùbá kan wà níbẹ̀.

Ó ní, "Èmi ni. Ilé Alájì Làtíì ní Bulabulin ni mo dàgbà sí. Ìyàwó wọn ló tọ́ mi."

Yorùbá rẹ̀ já gaara, ó dùn ju ti Nímọ́tà ọmọ mi lọ. Gbogbo ohun tí mo ti sọ lójú ọmọkùnrin yìí sáré kọjá lọ́kàn mi. Mo ti sọ ọ́ rí lójú rẹ̀ pé òun àti ọ̀pá rẹ̀, n ò mọ èyí tó rù jù. Ó gbọ́ ọ. Ó ti ń gbọ́ ọ láti ọjọ́ yìí.

Ó mú fóònù jáde, ó fi sí etí mi. Ohùn mi ni. "Òun nìkan ló ń gbélé, abọ́ méjì ló ń fọ̀."

Ó ní, "Ta ni?"

Mo ní, "Fíìmù ni. Fíìmù ni mò ń sọ."

"Ẹ ní kì í ṣe eré."

"Mo kàn fẹ́ kó dùn ni."

Ó wo àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Ìyá Nímọ́tà, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ mú mi lọ síbẹ̀. Èmi àti ẹ̀yin nìkan. Kẹ́nikẹ́ni má mọ̀."

Kẹ́nikẹ́ni má mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò gbé Maiduguri láwọn ọdún yẹn kò lè mọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe sí mi. Mo rí Láwàlì lójú mi, bí wọ́n ṣe ń fà á jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ní iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní òun kò kánjú. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà, ó fi ọ̀pá sáàrin ẹsẹ̀.

Mo tún tẹ fóònù Mùínátù, ó ṣì wà ní pípa. Ọkàn kan ń sọ pé kí n jókòó sójú kan bí ọkọ mi ṣe wí. Ọkàn kejì ní àbí o fẹ́ jókòó síhìn-ín kí wọ́n lọ ká ọmọ náà mọ́lé? Ọkàn kejì yìí ni mo gbọ́ tirẹ̀. Mo ká aṣọ kan tí mo ti rán tán, mo dì í sínú láílọ́ọ̀nù, mo sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé "Ina zuwa", mò ń bọ̀, mo fẹ́ gbé aṣọ fún oníbàárà. Modu wò mí títí mo fi jáde.

Mo wọ kẹ̀kẹ́. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ gba Yerwa, kì í ṣe ọ̀nà mi. Mo bọ́ sílẹ̀ níwájú ọjà, mo gba àárín àwọn aláṣọ kọjá, mo tún wọ òmíràn. Mò ń bojú wẹ̀yìn títí ọrùn fi ń dùn mí. N ò rí i. Mo ní Alihamudulilahi. Nígbà tí mo dé ilé Mùínátù, kò sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu ọ̀nà ìta. Mo gbé ọwọ́ sókè láti kan ìlẹ̀kùn.

"Ẹ ṣeun, Ìyá Nímọ́tà."

Modu ni, ó dúró sábẹ́ ògiri òdìkejì, ó ti ń tẹ̀lé mi bọ̀ láti ṣọ́ọ̀bù. Bulabulin ló dàgbà sí. Ìgbà tí ó ti rí i pé mo dé àdúgbò yẹn, kò sí ibi tí mo lè gbà tí kò mọ̀. Mo fẹ́ yà lọ sílé ẹlòmíràn. Ìlẹ̀kùn sì ṣí.

Mùínátù wo èmi, ó wo ọ̀pá. Kò pariwo. Ó ní, "O tún wá mú wọn wá."

Mo kúnlẹ̀ sínú iyanrìn. Mo ní, "Mùínátù, dákun, mo fẹ́ wá sọ fún ọ kó sá ni."

Ó ní, "Ẹ wọlé. Ẹ wá mú un."

A tẹ̀lé e wọlé, ó ṣí yàrá inú sílẹ̀ gbayawu. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Oúnjẹ wà nínú abọ́, wọn ò fọwọ́ kàn án.

Ó ní, "Lánàá, kò fẹ́ jẹun. Mo ní kí n pa á lẹ́rìn-ín. Mo ní, 'Jẹ́ ká gbọ́ Àgbékẹ́ ọ̀rẹ́ mi, á mú ọ rẹ́rìn-ín.' Èmi ni mo tan án. Àwa méjèèjì la jọ gbọ́ ọ. Ó bi mí pé, 'Èmi ló ń sọ yìí?' N ò mọ ohun tí màá sọ. Ó ní, 'Wọ́n á pa ìwọ náà pẹ̀lú mi.' Nígbà tí mo ń ṣe àlùwàlá àsùbáà láàárọ̀ yìí, ó ti jáde. Ó ti lọ."

Mò ń retí kí Modu sá síta, kí ó fọn fèrè, kí ó pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó rọra fi ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ṣí fóònù rẹ̀, ó na àwòrán kan sí Mùínátù. Ọmọkùnrin kan ni, ó wọ fìlà aláràbarà, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ó ní, "Bukar nìyí. Àbúrò mi ni. Ọ̀nà Damboa náà ni wọ́n ti mú un. Ìyá wa ò lè sùn. Mo kàn fẹ́ bi í ni, bóyá ó rí i níbẹ̀. Bóyá ó wà láàyè."

Mo ní, "Modu, kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù?"

Ó ní, "Níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́ yín? Yan gora tó ń wá ẹni tó ti igbó dé, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ni wọ́n á pe èmi náà? Torí kí wọ́n má baà gbọ́ ni mo ṣe sọ Yorùbá. Mo rò pé ẹ mọ̀."

N ò mọ̀. Ẹ̀rù ti dí mi létí.

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la jọ wá Láwàlì. Modu wá a ju èmi lọ. A dé gbogbo gáréèjì. Ẹnìkan ní òun rí ọkùnrin gíga kan tó rù, tó ń fẹsẹ̀ rìn lọ ní ọ̀nà Damboa. Ẹlòmíràn ní ó wọ ọkọ̀ Kano. A ò rí i. Nígbà tí a padà dé, Mùínátù kọjú sí mi lẹ́nu ọ̀nà.

Ó ní, "Àwọn ará igbó dì í mú, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwọ ò ní ọ̀pá, ìwọ ò ní ìbọn, o lé e lọ."

Ó wọlé, ó ti ìlẹ̀kùn.

Ọdún méjì ti kọjá. Mùínátù kì í bá mi jà. Bí a bá pàdé, á dáhùn bí mo bá kí i, á sì kọjá. Mo ti kúrò nínú ẹgbẹ́. Bí eré tuntun bá bẹ̀rẹ̀, mo máa ń pa tẹlifíṣàn. Kí ẹ wá bi mí ohun tí mo rò nípa Dakin Gwaggo, mo ti mọ̀ báyìí pé obìnrin yẹn ṣe dáadáa. Ó kọrin, ó pa ẹnu mọ́, ọmọ rẹ̀ sì yè.

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, bí ẹnìkan bá fi ẹ̀mí èèyàn sí yín lọ́wọ́, ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò mú ẹgbẹ́ rẹ́rìn-ín. Kò sí èdè tó ní ìlẹ̀kùn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn nìkan ni mo ṣe kọ èyí. Ọkọ mi ní kí n má kọ ọ́. Ó ní ohun kan náà ni mo tún fẹ́ ṣe, kí n tún gbé ọ̀rọ̀ ilé onílé síta ní Yorùbá fún ẹni tí n ò mọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ń ba èmi náà. Mùínátù fúnra rẹ̀ ló dá mi dúró lọ́nà lọ́jọ́ kan, tó ní kí n kọ ọ́. Ó ní ìwé ìròyìn yìí ń dé Ìwó, ó ń dé Ìbàdàn, ó ń dé Kano. Mo ti pààrọ̀ gbogbo orúkọ, tèmi pẹ̀lú.

Ìwọ tí mo pè ní Láwàlì, bí o bá wà níbì kan tí o ń ka èyí, o mọ ara rẹ. Kò sẹ́ni tó ń lé ọ. Kò sẹ́ni tó lé ọ rí. Ọmọkùnrin kan kàn fẹ́ bi ọ́ léèrè àbúrò rẹ̀ ni, ó ṣì ń dúró. Padà wá sílé.